Gìtá Báàsì Mélòó Ni Ó Tó fún Olórin Kan?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ wá bá mi ní ilé. Iṣẹ́ méjì ni ọmọkùnrin náà ń ṣe. Ní ọjọ́ tí kò bá sí òde, a máa fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò gẹ́gẹ́ bí àwọn onízémìjàn yòókù. Ní ọjọ́ tí òde bá wà, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ìkómọ, ìbáà ṣe ìsìnkú àgbà, a máa ta gìtá báàsì fún ẹgbẹ́ olórin kan. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ta alùpùpù mi."

Mo bi í pé kí ni ó dé. Ó ní kò sí láburú. Ó ní òun rí gìtá báàsì pupa kan ní ojú fèrèsé ilé ìtajà kan ní Kútọnù, olókùn márùn-ún, àti pé bí òun bá ta alùpùpù náà, owó rẹ̀ yóò tó o rà. Mo bi í pé báàsì mélòó ni ó wà ní ilé rẹ̀ báyìí. Ó ní méjì ni. Ọ̀kan ni èyí tí òun ti ń ta láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Èkejì wà lábẹ́ ibùsùn. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, òun kì í sì í gbé e jáde mọ́.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Kí ni ó sọ sí i?"

"N kò tíì sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ wá."

N kò dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alùpùpù yẹn ni ó ń bọ́ ilé rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí òde kì í pọ̀ àfi ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n fi ronú. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Gbogbo ẹni tí ó ń ta báàsì ni ó ti bi ara rẹ̀ rí, láti orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ títí dé orí àwọn tí òkìkí wọn ti kàn ká ayé: mélòó ni mo nílò ní tòótọ́? Ojú kì í rí arẹwà kí ó má kí i. Ṣùgbọ́n kíkí ọ̀tọ̀, gbígbé e wọ ilé ọ̀tọ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí gìtá báàsì jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti òkèèrè sí ibi tí orin ti ń dún, ohùn akọrin kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tí ó ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín ni ohùn kan tí ó nípọn, tí ó rinlẹ̀, tí ó ń gbá ènìyàn ní àyà. Ìlù ni apá kan nínú ohùn náà. Báàsì ni apá kejì. Gìtá lásán ní okùn mẹ́fà tí ó tín-ín-rín. Báàsì ní okùn irin mẹ́rin tí ó ki, ọrùn rẹ̀ sì gùn ju ti gìtá lásán lọ. Nígbà tí a bá ta èyí tí ó ki jù lọ nínú okùn mẹ́rin náà, a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí gbígbọ̀n náà bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó.

Iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nínú orin àwọn bàbá wa. Àgídìgbo ni ó ń ṣe é nínú àpàlà: àpótí pákó tí a to àwọn irin pẹlẹbẹ sí ní ojú, tí ẹni tí ó gbé e lé ẹsẹ̀ ń fi ìka ta. Ohùn rẹ̀ a máa rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tí ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kí àwọn tí ó kù lè mọ ògiri lé e.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun èlò onígi ńlá kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí títí di nǹkan bí ọdún 1950. Ó ṣòro láti gbé láti ìlú dé ìlú, fèrè àti ìlù sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1951, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leo Fender, tí ó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, gbé báàsì kan jáde tí ó ń lo iná mànàmáná, tí olórin sì lè gbé kọ́ èjìká. Precision ni ó sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣe déédéé. Ìdí tí ó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ó to irin kéékèèké sí ọrùn gìtá náà ní ẹsẹẹsẹ. Bí ìka bá ti tẹ okùn mọ́ ẹ̀yìn irin kan, ohùn tí ó yẹ ni yóò jáde. Kò ní yẹ̀ sókè, kò ní yẹ̀ sísàlẹ̀. Ní ọdún 1960, ó tún gbé òmíràn jáde tí ó pè ní Jazz Bass. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn báàsì tí ẹ ń rí ní ọjà lónìí, ibi yòówù kí a ti ṣe wọ́n, àwọn méjì yìí ni wọ́n fi jọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan tí báàsì kan ṣoṣo tó.

James Jamerson ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1936 ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ó sì dàgbà di olórin ní ìlú Detroit, níbi tí ilé-iṣẹ́ orin Motown wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun ni ó ń ta báàsì nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn orin tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbé jáde. Bí ẹ bá ti gbọ́ orin Marvin Gaye, tàbí ti Stevie Wonder nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, tàbí ti àwọn obìnrin mẹ́ta tí à ń pè ní Supremes, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọwọ́ Jamerson. Fún ọdún púpọ̀, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àwo. Inú mi kò dùn sí èyí rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Báàsì Precision kan tí a ṣe ní ọdún 1962 ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìka kan ṣoṣo, èyí tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ni ó fi ń ta á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ìka náà ní Ìkọ́. Okùn tí ó wà lára gìtá náà, kì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi bí ó bá já. Ìdọ̀tí àti òógùn ọwọ́ rẹ̀ wà nínú okùn náà, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Orin ìfẹ́, orin ijó, orin ìbànújẹ́, gìtá kan náà, okùn kan náà. Ẹni tí ó bá fetí sí àwọn àwo wọ̀nyẹn kò ní sọ láé pé ohùn kan ṣoṣo ni òun gbọ́.

Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Ọwọ́ ni. Ohun kan wà tí àwọn tí ń ta gìtá kì í sábà sọ fún oníbàárà: ó lè jẹ́ pé ohùn tí ó ń wá lọ lọ́dọ̀ báàsì tuntun ti wà lára èyí tí ó ní. Bí ìka bá ta okùn nítòsí ọrùn gìtá, ohùn náà á rọ̀, á sì nípọn. Bí ó bá ta á lẹ́yìn, nítòsí ibi tí a so okùn mọ́, ohùn náà á le, á sì mú. Bí a bá ki fóòmù kékeré kan sí abẹ́ okùn, ohùn kì í pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Á dún, á sì dákẹ́, bí ìgbà tí onílù fi ọwọ́ pa ojú ìlù. 

Okùn pàápàá, oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Irin kan ni ó wà láàárín okùn báàsì, a sì wé irin mìíràn yí i ká. Bí irin tí a wé bá jẹ́ pẹlẹbẹ, okùn náà á dán, ohùn rẹ̀ á sì tutù. Irú èyí ni Jamerson lò. Bí irin tí a wé bá rí roboto, okùn náà á hán díẹ̀ lábẹ́ ìka, ohùn rẹ̀ á sì tàn yanran. Ẹni tí ó bá yọ irú kan tí ó sì so irú kejì yóò rò pé gìtá ẹlòmíràn ni òun gbé dání. Àwọn tí owó wọn kò tó okùn tuntun a máa tú ògbólógbòó okùn, wọn a sè é nínú omi bí ẹni ń se ẹyin kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè jáde, wọn a nù ún kí ó gbẹ, wọn a sì tún un so. Ohùn rẹ̀ a máa jí padà fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè wá sọ pé bí báàsì kan bá tó Jamerson, ó tó gbogbo ènìyàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú ilé kan náà ni Jamerson ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, wọ́n lè dúró kí a tún un ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà. Òde kì í dúró. Ìyàwó ti ń jó bọ̀, àwọn ẹbí ti na owó sókè, ohùn báàsì sì pa lójijì. Kì í sábà jẹ́ okùn ni ó já, nítorí okùn báàsì ki. Ohun tí ó ń tètè dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lára gìtá, tàbí wáyà tín-ín-rín kan nínú ikùn rẹ̀ tí ó já kúrò níbi tí a fi òjé jó o mọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jókòó tún un ṣe lójú agbo. Olórí ẹgbẹ́ yóò rántí alẹ́ yẹn nígbà tí ó bá tún fẹ́ pe atabáàsì.

Olè tún wà níbẹ̀. Wọ́n jí báàsì Jamerson gbé ní ọdún 1983, nígbà tí ọjọ́ ikú rẹ̀ kù díẹ̀. Ó sì kú ní oṣù Ògọ́sì ọdún náà.

Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí à ń pè ní Beatles, ra báàsì Höfner kékeré kan ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1961. Nǹkan bí 30 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rà á, nítorí kò lówó lọ́wọ́ nígbà náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ara gìtá náà sì rí bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ara fáólìnì, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti dorí rẹ̀ kodò, kò burú lójú. Ní ọdún 1963, ó gba Höfner mìíràn tí ó jọ èyí àkọ́kọ́. Ní ọdún 1972, wọ́n jí èyí àkọ́kọ́ gbé nínú ọkọ̀ kan ní ìlú London. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí a tó rí i. Ní ọdún 2024 ni a kéde pé ó ti padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí a fi ń wá a, èyí tí ó gbà ní ọdún 1963 ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni a sì ń rí lára rẹ̀ ní orí ìtàgé. Olówó ni McCartney, ó lè ra báàsì tí ó bá wù ú ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé èkejì tí ó ní jọ èyí àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀kan ni ó ṣe mọ èkejì.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó ń jẹun nídìí báàsì nílò méjì: ọ̀kan tí yóò ta, àti ọ̀kan tí yóò wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀, tí a ti so okùn rẹ̀ tí a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó jáde nílé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tàbí tí ó ń ta á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀kan tó o. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ wo ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáàlù wà níbẹ̀, kẹríkẹrì wà níbẹ̀, gúdúgúdú tí a lẹ ìda mọ́ lójú wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìlù wọn pọ̀ jù, nítorí iṣẹ́ ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Bí gúdúgúdú kò bá sí níbẹ̀, ìyáàlù kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí a bá fẹ́ ra báàsì kẹta, irú ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a bi í: iṣẹ́ wo ni ìwọ yóò ṣe tí àwọn méjì tí ó wà nílé kò lè ṣe?

Báàsì kan wà tí ó lè dáhùn ìbéèrè náà dáadáa. Òun ni báàsì tí a kò to irin sí lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ a máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn bí ohùn ènìyàn, bí ìgbà tí onílù bá ń fún ọsán ìyáàlù díẹ̀díẹ̀. Báàsì tí ó ní irin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n ta tó. Jaco Pastorius, ará Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ohùn yìí ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Soweto kan ní Gúúsù Áfíríkà, Bakithi Kumalo, tí ó ta irú báàsì yìí nínú àwo Graceland tí Paul Simon gbé jáde ní ọdún 1986. Nínú orin kan nínú àwo náà, báàsì Kumalo dá dún fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ó ta apá kan. Àwọn tí ń gba orin náà sílẹ̀ wá yí téèpù rẹ̀ padà sẹ́yìn láti fi ṣe apá kejì, bí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ kan dé òpin tí ó sì tún kà á padà láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n báàsì aláìnírin ṣòro. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ọdún kan fún un, kí ó fi í sílẹ̀ ní ojú fèrèsé.

Ọmọkùnrin wa kò sọ pé aláìnírin ni òun fẹ́. Olókùn márùn-ún ni. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé tí ó padà wá, èyí ni ó kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Òótọ́ ni. Okùn karùn-ún náà ki ju àwọn mẹ́rin tí ó kù lọ, a sì máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo bi í pé àpótí gbohùngbohùn wo ni ẹgbẹ́ wọn ń gbé lọ sí òde. Ó ní èyí tí wọ́n ń yá ni. Mo ní kí ó ronú sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Báàsì oníná kò ní ohùn fúnra rẹ̀. Ohun tí gbohùngbohùn bá lè sọ ni ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí tí a ń yá fún òde, inú wọn kò gba ohùn tí ó lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yóò ta okùn karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ta á, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó kò ní gbọ́ ju kùù-kùù lásán lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ni ó ń fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó lè tú okùn tí ó ki jù lára báàsì rẹ̀ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìpele kan. Kò ná an ní nǹkan kan.

Mo tún bi í pé láti ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni olórí ẹgbẹ́ wọn sọ pé ohùn rẹ̀ kò lọ sísàlẹ̀ tó.

Ó ronú títí. "Ẹ̀ẹ̀kan," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín. "Gbohùngbohùn ni ó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà."

Kì í ṣe pé olókùn márùn-ún kò dára. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò lè lọ láìsí i, pàápàá àwọn tí ń gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú dùùrù oníná tí ohùn rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ púpọ̀. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, owó iṣẹ́ náà ni yóò ra gìtá náà. Alùpùpù kọ́ ni yóò rà á.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn tí ń kó gìtá jọ kì í rò. Báàsì kì í ṣe àwo tí a lè tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí a sì gbàgbé. Okùn mẹ́rin tí a fà le ń fa ọrùn rẹ̀ lọ́sàn-án lóru pẹ̀lú agbára tí ó ju ìwúwo àpò símẹ́ǹtì kan, ìyẹn 50 kílò, lọ. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn náà tí ó ń dojú kọ agbára yìí, a sì lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan fún un le tàbí kí a dẹ̀ ẹ́. Ní àsìkò ọyẹ́, igi á gbẹ, á sì sún kì. Ní àsìkò òjò, á mu omi, á sì wú. Ọrùn gìtá á máa tẹ̀ síwájú sẹ́yìn bá a lọ. Báàsì tí a ń ta lójoojúmọ́, olówó rẹ̀ á tètè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, á sì tún un ṣe. Báàsì tí ó wà lábẹ́ ibùsùn, lórí símẹ́ǹtì tútù, ta ni yóò mọ̀? Báàsì mẹ́ta, ọrùn mẹ́ta ni.

John Entwistle tí ó ta báàsì fún ẹgbẹ́ The Who ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá jọ ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2002, nígbà tí ó sì di ọdún 2003, wọ́n lu àwọn gìtá náà ní gbàǹjo ní London. Èmi kò bú u. Owó rẹ̀ ni, ìfẹ́ rẹ̀ sì ni; àwọn kan ń kó aṣọ òkè jọ, àwọn kan ń kó ẹyẹlé. Àmọ́ àkójọ ni ìyẹn, kì í ṣe ohun tí iṣẹ́ béèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó nǹkan jọ, kí ó pe àkójọ ní orúkọ rẹ̀, kí ó sì fi owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ ṣe é.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ìbéèrè náà yàtọ̀ fún àwọn tí ó ṣíwájú. Àwọn àgbà ṣì ń rántí Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnù ní àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú Gustave Bentho nídìí báàsì. Ní ayé ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, olórí ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí ó ni ilé ijó ni ó máa ń ni ohun èlò. Olórin á wá ní ìrọ̀lẹ́, á gbé báàsì, á ta á di òwúrọ̀, á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí òun àti olóhun bá jà, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá lọ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà nígbà yẹn kò ní ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo sọ fún un pé báàsì tí ó ti ń ta láti ọdún mẹ́sàn-án, tí kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohun ńlá ni.

A gbé èkejì jáde kúrò lábẹ́ ibùsùn ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e. Ìpata ti mú okùn rẹ̀. A gbé e lọ bá ọkùnrin kan tí ó ń tún gìtá ṣe. Ó dojú ọrùn rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà tí ń wo pákó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yí irin inú rẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó tún yí i díẹ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní ìwàǹwára. Kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí igi lè gba ìyípadà náà. Nígbà tí a padà lọ, ó so okùn tuntun mọ́ ọn, ó tún ihò wáyà rẹ̀ jó, ó sì gbé e fún olówó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ta á fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun kò mọ̀ pé ó ní irú ohùn báyìí.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ó ṣì ń fi alùpùpù náà gbé èrò. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ránṣọ, bá a rán àpò aláwọ̀ ewé kan fún báàsì kejì, ó sì fi aṣọ tí ó ki tẹ́ inú rẹ̀. Ní ìgbéyàwó kan ní Ṣákétẹ́, ohùn báàsì àkọ́kọ́ pa ní àárín orin. Ó gbé e lélẹ̀, ó gbé èkejì, orin kò sì dá. Ó wá sọ ọ́ fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó tó sùn.

Mo bi í nípa ti pupa yẹn. Ó ní ó ṣì wà ní ojú fèrèsé ilé ìtajà náà. Ó ní bí òun bá gbé èrò gba òpópónà yẹn, òun a máa dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ láti wò ó.